Ijó "Ẹ Má Gba Ibí"

Ìyá Oko ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n màmá mi, torí pé nínú gbogbo ọmọ ìyá wọn, àwọn nìkan ni wọn kò fi abúlé sílẹ̀. Abúlé náà wà lẹ́yìn Erúnmu, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti pin tí ilẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Oko kì í pè mí lórí fóònù láìnídìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí yìí, wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ìwọ tí o ń bá àwọn alákọ̀wé jẹun," ni Ìyá Oko wí, "àwọn kan ń gun ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gba inú odò wa kọjá. Wọ́n ti bá mi da omi rú. Láfún mi ti ń pọ́n. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n gba ibòmíràn."

"Ta ni wọ́n, Ìyá Oko?"

"Tí mo bá mọ̀ wọ́n, ṣé ìwọ ni ǹ bá máa pè?"

Ẹni tí kò bá mọ Ìyá Oko lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni láfún tó pọ́n. Láfún yìí ni gbogbo ìgbéraga wọn láyé, ìgbéraga náà kò sì kéré. Bí wọ́n bá gbé e dé ọjà Erúnmu tí wọ́n tú ẹnu àpò, ńṣe ni yóò funfun bí ẹ̀wù Jímọ́ọ̀. Wọ́n á wá yíjú sí ti obìnrin tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á rọra bi í pé, "Ṣé ti ewúrẹ́ nìyí?" Àwọn oníbàárà wọn kì í yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí wọn kò bá bá Ìyá Oko lọ́jà, wọ́n á padà sílé lọ jẹ ẹ̀bà. Kò sì sí oògùn kankan níbẹ̀ ju omi lọ. Létí odò abúlé náà ni àwọn kòtò kan wà, tí wọ́n ti gbẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí Ìyá Oko, tí omi odò ń gba inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Inú wọn ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó sí títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n tó fún un, kí wọ́n tó sá a sórí àpáta. Bí omi bá rú kí ẹ̀gẹ́ tó rọ̀, àwọ̀ ẹrẹ̀ á wọ inú rẹ̀, kò sì sí oòrùn tí yóò mú un jáde mọ́.

Mo wádìí. Kò ṣòro rárá, torí pé àwọn tó ń gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Fídíò wọn kún orí ẹ̀rọ ayélujára. Ibùdó ìgbafẹ́ kan ni wọ́n kọ́ sítòsí ibẹ̀, wọ́n sì ń kó àwọn ará ìgboro káàkiri inú oko lórí ọ̀kadà yìí, pàápàá àwọn tí kò gùn ún rí.

Iléeṣẹ́ ìwádìí kan n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí àgbẹ̀ ń gbìn ni a ń ṣe ìwádìí lé lórí níbẹ̀, láìjẹ́ kí erùpẹ̀ kan wa ní bàtà. Lọ́dọọdún, ìgbìmọ̀ fàájì wa máa ń wá ibi tí a ó ti lọ fẹ́ràn ara wa fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Èmi tí mo ti ń fi ibà àti ìsìnkú sá fún gbogbo ìjáde wọ̀nyí ni mo nawọ́ sókè lọ́dún yẹn, tí mo dábàá ibùdó náà. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ìṣirò mi ni pé bí mo bá dá lọ, ọmọ arúgbó abúlé kan tó wá ráhùn ni wọn yóò kà mí sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá odindi iléeṣẹ́ lọ, tí a sanwó, tí mo dé akoto, oníbàárà ni mí. Mo ti rí i pé etí máa ń là sí oníbàárà.

Ọ̀gá wa bá wa sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ó lọ. Ó ní ó yẹ kí á padà sí orísun wa, kí á fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ àwọn baba wa. Orísun ọ̀gá yìí kò jìnnà. Oko kòkó bàbá rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Akanran, kò sì dé ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá náà. Bí wọ́n bá bi í, á ní ọ̀nà ibẹ̀ kò dára. Ọ̀nà tí kò dára gan-an ni a wá ń sanwó láti gùn yìí.

Ẹ ò rí ìmúra. Igbákejì ọ̀gá wọ aṣọ sójà. Obìnrin kan láti ẹ̀ka ìròyìn dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ tí okùn rẹ̀ so mọ́ àgbọ̀n. Akápò wa, tó tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ ṣòkòtò kóòtù. Ó kàn yọ táì rẹ̀ sínú àpò kí Ọlọ́run lè rí i pé fàájì ló wá ṣe.

Ẹni tó ni ibùdó pàdé wa lẹ́nu géètì. Ó ti gbé ìlú òyìnbó pẹ́ débi pé imú ni Yorùbá rẹ̀ ń gbà jáde. Ó wọ àdìrẹ, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ọwọ́.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí, "sínú igbó tí ẹsẹ̀ ẹ̀dá kankan ò tíì tẹ̀."

Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ebè iṣu tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ti fi igi sí gbogbo wọn. Ẹni tó kọ ebè náà tilẹ̀ sá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí ọ̀kan nínú àwọn igi ọ̀hún.

Mo sún mọ́ ọn. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá a sọ nípa odò.

"Odò!" ni ó wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ló dùn jù. Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Ọkùnrin tó máa fi wá mọ̀nà ti gun ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ẹ̀gbẹ́dá kí ó tó rí ẹsẹ̀ méjì kún un. Ó kó wa sórí pápá kan, ó ní kí á máa yí po. Ó kọ́ wa pé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni iná: bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó lọ, bí o bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó rọlẹ̀. Ó ní kí á má fẹsẹ̀ kanlẹ̀ bí ẹni tó gun ọ̀kadà, kí táyà ẹ̀yìn má baà gorí rẹ̀. Bí a bá ń gun òkè, kí á tẹ̀ síwájú. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí á fà sẹ́yìn. Nígbà tó rí i pé a ò kọlu ara wa mọ́, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Òfin kan ló kù, òun ló sì tóbi jù. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà."

"Ẹ dákun, kí ni mo gbọ́?" ni akápò wí.

"Ẹ má kí èèyàn, sà. Ẹ má juwọ́, ẹ má tẹrí ba. Iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò."

"Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ńkọ́?"

"Àgbàlagbà gan-an ni mò ń wí. Àwọn tó ń kí ọmọdé kì í ṣubú."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ọmọ Yorùbá kò mọ bí a ṣe ń fi ẹnu nìkan kí àgbà. Kó tó sọ pé "ẹ kú", ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ti tẹ̀, ọwọ́ á tẹ̀ lé e. Bí ọwọ́ bá tẹ̀, àtàǹpàkò ti tẹ iná, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sì ti gbé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa wọ inú igbó. Àwọn tí wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé nìkan ló ń délé láìní ọgbẹ́.

"Wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́," ni akápò tún wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀, sà. Abẹ́ akoto lẹ wà, wọn ò mọ ọmọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́."

Ẹni tó ni ibùdó mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní gbogbo àgbáyé. Ó ń ṣe mí bíi kí n bi í pé apá ibo ní àgbáyé ni wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá, mi ò fẹ́ ná ẹnu mi tán lójú ọ̀nà.

A gbéra. Afinimọ̀nà ṣíwájú, ẹni tó ni ibùdó kẹ́yìn, ó so ẹ̀rọ ayàwòrán mọ́ akoto rẹ̀. Akoto tèmi ń rùn bí irun ẹni tó dé e kẹ́yìn, enjíìnì sì ń gbọ̀n mí láti ìdí dé eyín. Kí n má purọ́, ó dùn. A gba àárín oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń gbá wa léjìká, a dìde dúró bí ẹni tó gun ẹṣin, ọ̀nà pupa ń ṣẹ́ kọ́ńdọ́rọ́ níwájú wa, mo sì gbàgbé ọjọ́ orí mi. Mo pariwo. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Bí kò bá dùn, kò sí ẹni tí yóò máa padà wá láti wá da omi ẹnikẹ́ni rú.

Àwọn èèyàn wà lóko o. Obìnrin kan nà tán lórí ebè, ó ya ẹnu láti kí wa, a kọjá. Ọkùnrin kan fi àdá rẹ̀ gúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́, a kọjá. Nínú akoto mi, mò ń gbọ́ ara mi tí mò ń kí wọn bí a ṣe ń kí àgbẹ̀, pé "àrokobọ́dún dé o, àrokobọ́dún dé o", bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Lẹ́nu abúlé, bàbá arúgbó kan jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, tẹ̀súbà lọ́wọ́. Lèmọ́mù abúlé Ìyá Oko ni wọ́n. Akápò ló wà níwájú mi. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń bá ara rẹ̀ jà: ó le gan-an, ó rọ̀, ó tún le. Lẹ́yìn náà ni ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ borí. Ó tẹ̀. Enjíìnì ké tòò. Akápò àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ, wọ́n la ọ̀nà tuntun fún ara wọn, wọn ò sì dúró títí wọ́n fi kọlu kùkùté kan.

Gbogbo wa dúró. Kò fara pa. Ó jáde láàrin ewé ẹ̀gẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Lèmọ́mù, níwọ̀n ìgbà tó ti jìyà rẹ̀ tán.

"Ẹ káàsán, bàbá," ni ó wí nínú akoto.

Lèmọ́mù kò fọhùn. Wọ́n gbé tẹ̀súbà sílẹ̀, wọ́n nawọ́ sí ọ̀nà odò, wọ́n fi apá kan dábùú èkejì, wọ́n mi orí, wọ́n tún nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Akápò wò wọ́n, àánú ṣe é. Òun náà tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó tọ́ka sí ọ̀run, ó pàtẹ́lẹwọ́ pọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń sùn. Mi ò mọ ohun tó ń sọ títí di òní.

"Bàbá yẹn yadi," ni ó wí fún wa bó ṣe ń gorí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin padà. "Ẹ fi wọ́n sádùúrà."

"Gbogbo abúlé yìí náà ni, sà," ni afinimọ̀nà dáhùn. "Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń kí wa. Ní báyìí, ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń jù."

Kò yé mi. Lèmọ́mù kò yadi. Ohùn wọn ló ń jí gbogbo abúlé sí ìrun àsùbá. Kí n tó tú okùn akoto mi kí n lè kí wọn, wọ́n ti ní kí á máa lọ.

A sọ̀ kalẹ̀ dé odò. Ní òdìkejì, àwọn obìnrin abúlé tò sí etí rẹ̀, wọ́n ró ìró mọ́ àyà. Bí wọ́n ṣe rí wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Apá méjèèjì lọ sókè, ó dábùú ara rẹ̀ lókè orí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti afẹ́fẹ́ síwájú. Wọ́n nawọ́ sí ìsàlẹ̀ odò, wọ́n tọ́ka sí àwọn kòtò, wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà lára gbogbo wọn, torí wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́.

"Wọ́n ń jó!" ni obìnrin onífìlà kígbe.

"Wẹ́líkọ̀mù dáàǹsì nìyẹn!" ni ẹni tó ni ibùdó dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n o. Láti ọkàn wọn ni."

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wa ń wọ odò lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ń ta sókè, ó mọ́ bó ṣe ń gòkè, ó pọ́n kó tó bọ́ sílẹ̀. Bí omi ṣe ń rú sí i ni ijó náà ń le sí i, bó ṣe ń le sí i ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́ sí i. Láàrin àwọn obìnrin náà ni Ìyá Oko wà, apá wọn ga ju ti gbogbo wọn lọ.

Mo tẹ bíréèkì. Mo bọ́ akoto, mo fẹsẹ̀ la odò kọjá, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Oko."

Ìyá Oko fà sẹ́yìn. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ! Ṣé ìwọ náà ti dití ni?"

"Èmi kẹ̀? Kí lẹ̀ ń jó fún?"

"Ta ló ń jó? Ìyá ta ló ń jó? Àwọn adití tí o kó wá yìí ni à ń bá sọ̀rọ̀!"

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ wọn gba ọ̀rọ̀ sọ. "A kí wọn kí wọn, ẹnu wa fẹ́ẹ̀ bó. Wọn kì í dáhùn. Lèmọ́mù ló sọ pé bóyá adití ni wọ́n, pé ìjọba ló ń kó wọn wá gbatẹ́gùn. A wá ní ká kúkú máa fọwọ́ sọ fún wọn."

"Èyí," ni Ìyá Oko wí, wọ́n fi apá dábùú ara wọn lókè orí, "ẹ má gba ibí nìyẹn. Èyí, ẹ lọ gba ìsàlẹ̀. Èyí, ẹ̀gẹ́ wa wà níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ á gbọ́ ọ! Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa ya fọ́tò. Mo ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tóbi, èyí tó dití tún ya wèrè."

"Ọ̀kan tó sanra tilẹ̀ jó padà fún wa lọ́jọ́sí," ni obìnrin kejì wí.

Akápò ti dé ọ̀dọ̀ wa, omi ń kán lára ṣòkòtò kóòtù rẹ̀. "Èmi ò dití o, màmá. Bàbá tó wà lábẹ́ máńgòrò ló yadi."

"Háà! Ó ń sọ̀rọ̀!" ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀rín mú wọn, ó mú èmi náà. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Lójú mi, àìgbọ́ra-ẹni-yé lásán ni. Wọ́n ti wá mọ̀ pé a gbọ́, àwa náà ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kí wá ló tún kù? Mo pe ẹni tó ni ibùdó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un: kòtò, ẹ̀gẹ́, ẹrẹ̀, ọjà Erúnmu. Mo ní ọ̀nà wà nísàlẹ̀ odò tí àwọn èèyàn rẹ̀ lè gbà, tí omi á ti kọjá kòtò kí wọ́n tó dà á rú.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní inú òun dùn pé mo sọ ọ́ síta. Ó ní òun gba kọ́múnítì gbọ́.

"Ṣé ẹ ó wá gba ìsàlẹ̀ ni, àbí ẹ ò ní gbà á?" ni Ìyá Oko bi í.

"Màmá, a ó gbé e yẹ̀ wò. Ìsàlẹ̀ ò ní àpáta, omi ibẹ̀ ò ní ta dáadáa." Ó fọwọ́ kan èjìká wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò bóyá ó ti pọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tún un ṣe fún mi?"

"Kí ni kí n tún ṣe?"

"Èyí tẹ́ ẹ̀ ń fọwọ́ ṣe yẹn."

Ìyá Oko rò pé ọkùnrin náà fẹ́ kó yé òun ni. Wọ́n gbá ìró mú, wọ́n dúró dáadáa, wọ́n sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní álífà. Wọ́n ń sọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fóònù ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà kí wọ́n tó gbé apá àkọ́kọ́ sókè. Ó yí wọn po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú ọ̀run lè wà lẹ́yìn wọn.

Mo ní, "Ẹ gbọ́, kì í ṣe ijó."

"Mo mọ̀," ni ó wí, kò gbójú kúrò lára fóònù. "Ìdí nìyẹn tó fi lágbára."

Ọ̀gá wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n má ba ọjọ́ náà jẹ́, pé ìfẹ́ la wá wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ. Èmi ò gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mọ́. Mo bá Ìyá Oko kó ẹ̀gẹ́ inú kòtò jáde. Gbogbo rẹ̀ ti gba àwọ̀ ilẹ̀. Ìyá Oko ń gbé e wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jù ú sẹ́yìn fún ewúrẹ́.

Mo lépa ọ̀rọ̀ náà. Mo lọ bá ọkùnrin yìí ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Bódìjà. Ó fún mi ní kọfí, ó ní ìpàdé ń lọ lọ́wọ́. Mo lọ bá Baálẹ̀ abúlé. Wọ́n ti fi Baálẹ̀ ṣe baba ìsàlẹ̀ ibùdó ìgbafẹ́, wọ́n sì ti fún wọn ní akoto; wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n dé e sórí, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ dá mi lóhùn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe gbọ́ tó. Láàrin gbogbo èyí, fídíò Ìyá Oko ti jáde. Wọ́n ti yọ ohùn wọn kúrò, wọ́n fi orin sí i, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ijó tí wọ́n fi ń kí àlejò láti ayébáyé ni. Ọ̀mọ̀wé kan gbé e kalẹ̀ níbi àpérò kan tí mo lọ. Ó ní apá tó dábùú ara rẹ̀ yẹn ń ṣàfihàn oríta tí ayé àti ọ̀run ti pàdé. Mo dìde, mo ní ohun tó ń ṣàfihàn ni pé ẹ má gba ibí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun mọrírì ìtumọ̀ tèmi náà.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dá, mo lọ kí Ìyá Oko. Sátidé ni. Mo gba etí odò, mo sì bá àwọn ọmọbìnrin kan níbẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí orúkọ ibùdó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń wọ odò, wọ́n sì ń ṣe é: apá sókè, àtẹ́lẹwọ́ síwájú, ọwọ́ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò rí Ìyá Oko láàrin wọn, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Mo bá wọn nílé, wọ́n jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, wọn ò tíì bó ọ̀kankan. Lẹ́yìn tí a kíra tán, mo sọ ohun tí mo rí lódò. Mo ní ta ló kọ́ àwọn ọmọ yẹn.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin, Ìyá Oko?"

"Ọ̀gá yẹn ló kó wọn wá, ọmọ Erúnmu ni wọ́n. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọ̀kan ń nawọ́ sí òkè odò níbi tó yẹ kó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, ńṣe ló ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá gba orí wa kọjá. Mi ò lè máa wò ó. Bí wọn ò bá tilẹ̀ ní gbọ́, kí wọ́n kúkú bá mi sọ ọ́ kó já geere."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mo mọ lọ́yà kan. Ìyá Oko fi ọwọ́ dá mi dúró.

"O ti gbìyànjú. Ọlọ́hun á san án fún ọ. Sinmi."

"Láfún wá ńkọ́?"

"Láfún wo? O rí omi tó wà lódò yẹn, o tún ń bi mí ní láfún." Wọ́n wo ojú ọ̀nà. "Àwọn oníbàárà mi ti ń rà lọ́dọ̀ obìnrin tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí wọn. Wọ́n ń fi gèlè bojú tí wọ́n bá ń kọjá."

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan fẹ̀yìn wọ inú àgbàlá. Àwọn oníṣẹ́ gàrí láti Lálúpọn ni, wọ́n wá kó ẹ̀gẹ́ tútù tí Ìyá Oko ń tà fún wọn báyìí. Ìyá Oko dìde, wọ́n fa agbọ̀n kan mọ́ra. Wọ́n ń mú ẹ̀gẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kí wọ́n tó fi sínú agbọ̀n, èyí tó gún régé lọ́tọ̀, èyí tó wọ́ lọ́tọ̀.

Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó wò wọ́n díẹ̀.

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ẹ̀rọ ló máa lọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ dà á sínú ọkọ̀."

Ìyá Oko dúró pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ kan lọ́wọ́. Wọ́n nù ún tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé agbọ̀n náà, èmi mú apá kejì rẹ̀, a sì dà á síbẹ̀.